Gíláàsì Mẹ́ta Nínú Àpò Kan: Ọ̀rọ̀ Ojú Fún Ẹni Tó Ní Àìsàn Parkinson

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, àti ẹ̀yin tí ẹ tẹ̀lé wọn wá. Kí n tó sọ̀rọ̀ kankan, ẹ jẹ́ kí n bi yín: ìgbà mélòó lẹ ti ṣẹ́jú láti ìgbà tí ẹ ti jókòó? Kò sẹ́ni tó kà á. Ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń ṣẹ́jú tó ìgbà 15 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan, láìmọ̀. Ẹni tó ní àìsàn Parkinson, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí ara lọ́ra, tó sì sábà máa ń mú kí ọwọ́ gbọ̀n, lè wojú yín títí kó má ṣẹ́ ẹ rárá. Àwọn ará ilé á máa sọ pé, "Kí ló dé tó ń tẹjú mọ́ mi báyìí?" Kò tẹjú mọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lọ́ra, tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ́ra, bẹ́ẹ̀ náà ni ìpéǹpéjú rẹ̀ ń lọ́ra.

Bàbá kan tó ní àìsàn yìí wá sọ́dọ̀ wa níbi ìtọ́jú ojú pẹ̀lú gíláàsì mẹ́ta nínú àpò kan. Gbogbo rẹ̀ tuntun, ìwé kò sì ṣeé kà síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, kí wọ́n ka ìlà kan. Wọ́n kà á já. Mo ní kí wọ́n bo ti òsì. Wọ́n tún kà á já. Ìgbà tí wọ́n wá ṣí méjèèjì, ìlà kan di méjì, ọ̀kan gun orí èkejì. Ojú kọ̀ọ̀kan ń ríran dáadáa; pípàdé síbi kan náà ni wọn ò lè ṣe mọ́. Gíláàsì kẹrin ì bá wulẹ̀ di ẹrù ni.

Ohun tí mo bá wá kò ju èyí lọ: kí ẹ tó ra gíláàsì mìíràn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ibi tí ìríran ti yẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹyinojú fúnra rẹ̀, ó lè jẹ́ bí ojú ṣe ń yí, ó sì lè jẹ́ ọpọlọ tó ń túmọ̀ ohun tí ojú bá rí. Nígbà tí James Parkinson kọ̀wé nípa àìsàn yìí ní 1817, ó ní làákàyè aláìsàn àti agbára tó fi ń mọ nǹkan lára kì í bà jẹ́. Ọ̀rọ̀ ti kọjá ibẹ̀ báyìí. Dopamine, èròjà tó ń dín kù nínú ọpọlọ ẹni tó ní Parkinson, wà nínú awọ ẹ̀yìn ẹyinojú pẹ̀lú, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí. Bó bá dín kù níbẹ̀, àwọ̀ á máa ṣá lójú ẹni, ohun tí àwọ̀ wọn jọra á sì máa wọnú ara wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi lè ka gbogbo lẹ́tà dúdú tó wà lára pátákó funfun ní ọ́fíìsì dókítà, kó wá délé kó má rí etí àtẹ̀gùn tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ lẹ téèpù tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ gedegbe mọ́ etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, kí iná ibẹ̀ sì mọ́lẹ̀ rekete.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ ṣíṣẹ́jú, torí òun ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Ìpéǹpéjú ló ń fi omi pa ojú lára. Bí kò bá ṣẹ́ tó, ojú á gbẹ, á máa ta, á dà bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, ìríran á sì máa ṣú, á máa là. Àwọn kan a tiẹ̀ bínú sí mi: "Ojú mi ń ṣomi, ẹ ní ó gbẹ!" Òótọ́ ni. Ojú tó gbẹ tó ń ta ni omi máa ń ya bò, ṣùgbọ́n omi yẹn kì í dúró, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń ṣàn lọ. Omijé àtọwọ́dá ni ká kán sí i. Bí ẹ óò bá kán an ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lójúmọ́, ẹ béèrè èyí tí kò ní èròjà amóògùn-má-bàjẹ́ nínú. Ìpara ojú wà fún alẹ́, àmọ́ orí ibùsùn ni kí ẹ ti lò ó, nítorí ó ń mú ojú ṣú. Aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tí a fi lé ìpéǹpéjú fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, dára púpọ̀. Ẹ má jẹ́ kí fáànù máa fẹ́ sójú tààrà. Bí ẹ bá sì ń kàwé, ní òpin ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ẹ pa ojú méjèèjì dé pátápátá, ẹ ka ení, èjì, kí ẹ tó ṣí i.

Bàbá onígíláàsì mẹ́ta ńkọ́? Gíláàsì ìkàwé tó ní prism nínú la fún wọn, ìyẹn dígí tó ń darí ìmọ́lẹ̀ kí àwòrán méjèèjì lè bá ara wọn. Rúlà tí a fi sábẹ́ ìlà tún ń ran ojú tó ń fo ìlà lọ́wọ́. Èmi kì í fẹ́ràn gíláàsì alápá méjì fún ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò dúró dáadáa, torí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó wà fún ìwé, ló máa fi wo ilẹ̀ bó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Gíláàsì ọ̀tọ̀ fún ìwé, ọ̀tọ̀ fún ìrìn. Àsìkò tí oògùn Parkinson ń ṣiṣẹ́ lára sì ni kí wọ́n yẹ ojú wò, kí ìwọ̀n rẹ̀ má baà ṣìnà. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò lè wo ìsàlẹ̀ mọ́, tó sì ti ń ṣubú láti ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn, kó tètè sọ fún dókítà ọpọlọ. Ó lè jẹ́ àìsàn mìíràn tó fara jọ Parkinson.

Ìpéǹpéjú tó ń pa dé fúnra rẹ̀ tí kò fẹ́ ṣí, abẹ́rẹ́ botulinum, tó ń mú kí iṣan dẹ̀, sábà máa ń ràn án lọ́wọ́.

Èyí tí ẹnu ń wúwo láti sọ ni rírí ohun tí kò sí. Ṣẹ́ẹ̀tì orí àga á di èèyàn tó jókòó; ẹranko kan á gba ẹ̀gbẹ́ ojú kọjá fìrí. Ẹ má fi pamọ́. Oògùn Parkinson lè fà á, àìsàn inú ìtọ̀ lè fà á, òkùnkùn àti ojú tí kò ríran dáadáa a sì máa dá kún un. Ẹ tan iná sí i, ẹ gbé ṣẹ́ẹ̀tì yẹn kúrò, ẹ pe dókítà. Ẹ má dá oògùn dúró lójijì fúnra yín. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fún yín ní haloperidol, oògùn tí wọ́n fi ń dá irú ìran bẹ́ẹ̀ dúró, nítorí rẹ̀, ẹ sọ pé ẹ ní Parkinson, torí ó lè mú kí ara túbọ̀ le.

Kí dókítà ojú náà mọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò. Nínú àwọn oògùn Parkinson, trihexyphenidyl léwu fún oríṣi glaucoma kan, ìyẹn àìsàn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, amantadine sì lè mú kí awọ mímọ́ gaara tó wà níwájú ẹyinojú wú. Ojú tó pupa tó ń ro ẹni, tàbí ìríran tó lọ lójijì, ẹ má sùn lé e lórí.

Ìyá kan béèrè pé ṣé ẹni tó ń gbọ̀n lè ṣe iṣẹ́ abẹ kàtáràkì, ìyẹn nǹkan funfun tó ń bo ìríran nínú ẹyinojú. Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì sábà máa ń ṣe wọ́n láǹfààní. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ abẹ ṣáájú, kó lè fi iṣẹ́ náà sí wákàtí tí oògùn yín ń ṣiṣẹ́. Ìyá ní, "Oògùn kíkán tí wọ́n máa fún mi lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ mi kì í dúró." Mo ní kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ibùsùn, kí wọ́n pa ojú dé, kí wọ́n kán an sí kọ́rọ́ ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, kí wọ́n wá rọra ṣí ojú. Á wọlé fúnra rẹ̀. Wọ́n fi omi lásán dán an wò lójú gbogbo wa, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ó sì wọlé.