Ṣùkù Àgbàdo Nínú Àgbá: Bí Pàǹtí Oko Ṣe Ń Di Èédú

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi yìí. Ṣùkù àgbàdo ni, èyí tí a ti yín tán. Ewúrẹ́ ò kà á sí, adìẹ ò rí nǹkan ṣà lára rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bá yín jà tí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ti yín àgbàdo tán lóko, òkìtì rẹ̀ á wà níbẹ̀ títí ẹnì kan á fi ṣáná sí i. Ẹ wá wo ọwọ́ òsì mi: èédú rèé. Ara irú ṣùkù yẹn náà ló ti wá. Ohun tó wà láàárín ọwọ́ méjèèjì ni mo fẹ́ fi hàn yín lónìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì bà á jẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a fi ń ṣe wàhálà, nígbà tí èédú igi wà lọ́jà? Ẹ gba ọ̀nà Òkè Ògùn lọ, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, Ṣakí títí dé Ìgbẹ̀tì, ẹ ó rí àpò èédú tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn tó ń sun ún á kó igi jọ, wọ́n á fi koríko àti iyẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n á wá jẹ́ kó máa jó díẹ̀díẹ̀ nínú. Nínú 100 kílò igi tó bá wọ abẹ́ iyẹ̀pẹ̀ yẹn, kílò 10 sí 20 péré ló sábà máa ń jáde ní èédú. Ìyókù ti bá èéfín lọ. Igi tó sì ń ṣe èédú tó dára jù ni igi tó le, tí kì í tètè dàgbà. Wọ́n ń gé igi òrí mọ́ ọn, igi tó máa ń lo bí ọdún 15 sí 20 kó tó so èso tí àwọn ìyá wa ń fi ṣe òrí. Èmi ò bínú sí ẹni tó ń sun èédú o, oúnjẹ òòjọ́ ló ń wá. Ìṣirò rẹ̀ ló ń dùn mí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àjèjì ni lílo pàǹtí oko. Èèpo ẹkùrọ́ ni àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń kó sínú iná tí wọ́n fi ń rọ ọkọ́ àti àdá. Ìhá tó bá kù lẹ́yìn tí wọ́n bá fún epo pupa tán, òun ni wọ́n ń dì ní ògùṣọ̀. Eérú èèpo kòkó ń bẹ nínú ọṣẹ dúdú tí ẹ fi wẹ̀ láàárọ̀. Ohun tí a kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ni pé kí a lọ èédú kúnná, kí a pò ó, kí a sì mọ ọ́n bí ẹni ń mọ búlọ́ọ̀kù. Bíríkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe èyí tí a bá mọ bẹ́ẹ̀. Èédú àfọwọ́mọ lèmi ń pè é. Ní àwọn ọdún 1920, Henry Ford tó ń ṣe mọ́tò ní Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí àjákù pákó tó kù ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣòfò: ó sun ún, ó pò ó mọ́ sítáàṣì, ó sì ń tà á fáwọn tó ń sun ẹran.

Èyí tó jọ ti wa jù ni ti orílẹ̀-èdè Haiti. Amy Smith, olùkọ́ kan ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Igi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n pàǹtí ìrèké tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ tán pọ̀ jọjọ. Àgbá epo ni wọ́n fi sun ún. Kí ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀? Ẹ̀gẹ́! Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sídìí àgbá. Èyí tó ń gba lítà 200 ni. Bó bá jẹ́ pé kẹ́míkà ni wọ́n fi rù tẹ́lẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ gé orí rẹ̀ kó di ìdérí, kí ẹ sì lu ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà sí ìdí. Ẹ gbé e ka òkúta mẹ́ta. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ẹ ki igi kan bọ àárín rẹ̀, ẹ kó ṣùkù tó ti gbẹ dáadáa yí igi náà ká títí àgbá á fi kún, kí ẹ wá fa igi yẹn yọ. Ihò tó bá kù ni ẹ ó ki koríko gbígbẹ sí, kí ẹ ṣáná sí i.

Láti ìsinsìnyí, èéfín ni kí ẹ máa wò. Funfun ló máa kọ́kọ́ jẹ́, á ki bí ìkùukùu: omi inú ṣùkù ló ń jáde. Lẹ́yìn náà á pọ́n díẹ̀, á máa ta yín lójú, á sì rùn. Ìyẹn ni òróró àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tó ń jó. Nígbà tó bá wá di pé èéfín fúyẹ́, tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí òdìkejì láàárín rẹ̀, ẹ yára! Ẹ yí àgbá kúrò lórí òkúta, ẹ wa yanrìn dí ìdí rẹ̀, ẹ dé e, kí ẹ fi amọ̀ tútù rẹ́ ẹnu ìdérí yíká. Iná tí kò bá rí atẹ́gùn kò lè sọ nǹkan di eérú. Ooru inú ibẹ̀, tó lè tó 400 sí 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ti lé gbogbo ohun tó lè fò lọ. Èédú ló kù.

Ìgbà àkọ́kọ́, mo dúró pẹ́ jù kí n tó dé e. Eérú ni mo bá. Ìgbà kejì, mo dé e lákòókò, àmọ́ ara mi ò gbà á, mo ṣí i kó tó tutù. Bí atẹ́gùn ṣe wọlé, gbogbo rẹ̀ ràn lójú mi. Wákàtí méjì lè tó, ṣùgbọ́n èmi ń fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì báyìí.

Ṣùkù tó ti di èédú yìí, ẹ lè fi dáná bó ṣe wà. Ẹni tó kàn fẹ́ se ọbẹ̀ nílé rẹ̀ lè dúró síbí. Àmọ́ ó ń tètè jó tán, ó sì ń rún nínú àpò, ìdí nìyẹn tí a fi ń mọ ọ́n. Ẹ rọ ọ́ sínú àpò, ẹ fi igi lù ú kúnná, kí ẹ fi aṣọ bo imú. (Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe odó tí ẹ fi ń gúnyán.) Fún kílò 10 lẹ́búlẹ́bú èédú, ààbọ̀ kílò sítáàṣì sí kílò kan tó. Ẹ̀yin tó ń ṣe gàrí, ẹ ò ní ra nǹkan kan: èyí tó ń silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi ẹ̀gẹ́ náà ni. Ẹ fi omi gbígbóná rò ó bí ìgbà tí ẹ fẹ́ lẹ aṣọ, kí ẹ dà á sórí èédú, kí ẹ pò ó. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un. Tí omi bá ń kán láàárín ìka yín, ó ti pọ̀ jù. Tó bá fọ́ nígbà tí ẹ la ọwọ́, kò tíì tó.

Agolo mílíìkì tàbí gígé páìpù lè ṣe mọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ní jáàkì tí wọ́n fi ń tẹ gàrí ti jàre gbogbo wa. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ibòji ni kí ẹ sá a sí kó má baà sán. Lẹ́yìn náà, oòrùn ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ kan méjì mọ́ra wọn. Tí ó bá ró kó-kó-kó, ó ti gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí n má tàn yín: ooru rẹ̀ kì í sábà tó ti èédú igi gidi, nítorí sítáàṣì àti eérú inú rẹ̀. Èèpo ìrẹsì tiẹ̀ tún burú sí i. Nínú 100 kílò tí ẹ bá sun, 15 sí 20 lè kù ní eérú. Èèpo ẹ̀gẹ́ ṣeé lò, ṣùgbọ́n ní tèmi, ẹ fi sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Àwọn kan sì ń mọ lẹ́búlẹ́bú pákó láìsun ún rárá. Ó ń jó, àmọ́ èéfín rẹ̀ ò kéré. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé pa nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn lọ́dún 2020.

Àìléèéfín náà ní ewu tirẹ̀. Ẹ má gbé iná èédú, yálà ti igi tàbí àfọwọ́mọ, wọ yàrá tí ẹ ti fèrèsé rẹ̀ torí òtútù. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ojú oorun ló ń bá èèyàn.

Nígbà òjò, omi ni ọ̀tá èédú àfọwọ́mọ. Bí ó bá rin, á tú pátápátá. Orí àjà ilé ìdáná ni mo ń tò ó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo tí mo so kọ́ fún irúgbìn.