Iyọ̀ Tẹ́ Ò Fọwọ́ Bù Sọ́bẹ̀

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ wo ọwọ́ mi. Ṣíbí tí a fi ń po tíì nìyí, mo bu iyọ̀ kún un, mo fìka tẹ́jú ẹ̀. Bíi gíráàmù 5 nìyẹn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní iyọ̀ tí àgbàlagbà máa jẹ látàárọ̀ títí tó fi máa sùn ò gbọdọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ máa sọ pé ẹ̀yin kì í jẹ iyọ̀ tó yẹn. Ohun tí màmá mi náà sọ fún nọ́ọ̀sì nìyẹn nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá mi n'Ìjẹ̀bú-Òde, tó ga sókè dé 170 lórí 100, bàbá tí ò sọ rí pé orí ń fọ́ òun.

Màmá ò parọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká lọ sídìí ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ wọn. Wọ́n á rin ewùrà, wọ́n á gbé ata àtepo kaná, ẹja á wọ̀ ọ́, tó bá ń hó wọ́n á máa fọwọ́ gé ewùrà sí i díẹ̀díẹ̀. Kí ewùrà tó wọlé, màgí mẹ́fà ti wọlé. Mo mú páálí màgí yẹn mo kà á, iyọ̀ ni wọ́n kọ ṣáájú, ohun tó bá sì pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú. Horo kan tó gíráàmù 4, ó kéré tán bí ìdajì ẹ̀ ló jẹ́ iyọ̀. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: méjì-méjì lọ́nà mẹ́fà, 12 nìyẹn, àwa mẹ́rin la jẹ ẹ́, gíráàmù 3 ti wọ ikùn kálukú, a ò tíì ka ẹja tí wọ́n fiyọ̀ pa kí wọ́n tó yan án, a ò tíì ka iyọ̀ gangan tí màmá fìka mẹ́ta bù sí i lẹ́yìn tí wọ́n tọ́ ọ wò.

Búrẹ́dì àárọ̀ náà ní tiẹ̀ nínú, bí ò tiẹ̀ dùn bí iyọ̀ lẹ́nu. Indomie àti èròjà amọ́bẹ̀dùn inú ọ̀rá kékeré ẹ̀ ńkọ́? Sádìnnì? Gàrí Ìjẹ̀bú fúnra ẹ̀ ò ṣẹ̀, kíkan yẹn kì í ṣe iyọ̀, ẹ̀pà oníyọ̀ tẹ́ẹ fi ń mu ún ni kẹ́ẹ ṣọ́. Tẹ́ẹ bá sì rí "sodium" lára páálí, ẹ má gbà pé iyọ̀ ẹ̀ ò ju iye yẹn lọ, ìlọ́po méjì àtààbọ̀ ẹ̀ ni iyọ̀ tó wà níbẹ̀.

Kí ló wá ń ṣe nínú ara? Ẹ ti rí bí iyọ̀ ṣe máa ń ṣomi tẹ́ẹ bá ṣí i sílẹ̀ lásìkò òjò, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń fa omi mọ́ra nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, iṣan tó ń gbà kọjá ò sì fẹ̀ sí i, ọkàn á máa fipá tì í. Ọdún méjì, ọdún márùn-ún, iṣan á le gbagidi, kídìnrín á máa bàjẹ́, iṣan tó wà nínú ọpọlọ lè dí tàbí kó bẹ́, rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn, àwọn èèyàn á ní wọ́n ta á lọ́fà ni. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí ìṣẹ́jú márùn-ún ò pé tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Màmá ò pa ìkọ́kọrẹ́ tì o. Màgí di méjì, irú àti edé pọ̀ sí i, alùbọ́sà náà, wọ́n sì ń rẹ ẹja oníyọ̀ sómi kí wọ́n da omi ẹ̀ nù. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bàbá ní ó tẹ́ lẹ́nu, wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ahọ́n máa ń mọ́ ọn lára láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Lóṣù kejì, mo bá wọn lórí ìjókòó, wọ́n ń fi ìka nu ìsàlẹ̀ àwo.