Ká Tó Dé Orí Ẹran Láàbù, Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Wo Ìkòkò Wàrà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé àwa Yorùbá Kúbúwà ní Àbújá nìyí, àwọn tí ò ráyè wá ló ní kí n tẹ̀ ẹ́ síbí, mo sì fi í sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu mi.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ẹran tí wọ́n ń fi sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ tíńtín tó para pọ̀ di ara ẹran, hù nínú láàbù, àti bí Nàìjíríà ṣe lè ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Màá dé orí ẹran, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín lọ sídìí ìkòkò wàrà.

Ṣé ẹ ti jókòó ti ẹni tó ń ṣe wàrà rí? Èmi ti jókòó tì wọ́n, ní gáà Fúlàní kan lẹ́yìn Ìlọrin. Wọ́n á gbé mílíìkì màlúù kaná, wọ́n á já ewé bọmubọmu, wọ́n á gún un, oje funfun á jáde, wọ́n á pò ó mọ́ mílíìkì díẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á dà á síkòkò. Kò pẹ́, mílíìkì yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, omi á ya sọ́tọ̀, wọ́n á wá kó èyí tó dì sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kó lè ro. Màmá tí mo ń wò ò wọn nǹkan kan. Ó wo ojú ìkòkò, ó ní "ó kù díẹ̀", ó sì kù díẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ́ńsáìmù ló wà nínú oje yẹn, òun ló ń mú kí mílíìkì dì. Àwọn òyìnbó náà ní tiwọn, inú ikùn ọmọ màlúù tó ṣì ń mu ọmú ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Nígbà tó yá, wọ́n mú jíìnì, ìyẹn àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, lára màlúù, wọ́n fi sínú kòkòrò àìfojúrí, kòkòrò yẹn wá ń ṣe é nínú táńkì bí ìgbà téèyàn ń pọn ọtí. 1990 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, òun ni wọ́n sì fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ṣíìsì, ìyẹn wàrà tiwọn, báyìí. Insulin táwọn tó ní àtọ̀gbẹ ń gún, ọ̀nà kan náà ni, látọdún 1982, ara ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù ni wọ́n ti ń yọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá wá ń pariwo pé ohun tó bá ti inú táńkì jáde, májèlé ni, kó lọ bi ẹni tó ń gún insulin nínú ẹbí ẹ̀.

Ẹ tún wo irú. Ẹ ó sè é títí, ẹ ó bó o, ẹ ó tún un sè, ẹ ó fi ewé àti aṣọ bò ó, ọjọ́ kejì ẹ kì í lè fọwọ́ kàn án kó máà gbóná. Kòkòrò àìfojúrí ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn Haúsá tá a jọ ń gbé níbí ń pè é ní daddawa, àwọn ará Jàpáánù náà ní tiwọn, natto, ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹbí kòkòrò kan náà ni. Àmọ́ wọ́n ti ya kòkòrò tiwọn sọ́tọ̀, wọ́n ń tà á nínú páálí, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ló lè rà á. Àwa ṣì ń fi tiwa lé orí ewé àti oríire!

Ohun tí mo ń jà fún ò ju ìyẹn lọ. Ibi táńkì irú àti ẹ́ńsáìmù wàrà ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí inú táńkì náà ni wọ́n ti ń hu ẹran láàbù. Àwọn kan wà ní Àbújá tí wọ́n ń gbé slide kiri, tí wọ́n fẹ́ kí ìjọba ra ẹ̀rọ ẹran láàbù wọlé lọ́dún yìí. Mo bi wọ́n lójú ara wọn pé ta ló máa tọ́jú ẹ̀, iná dà?

Mo ti ṣiṣẹ́ ní láàbù kan rí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Iná lọ ní Fráìdé, dísù tán, kò sẹ́ni tó gbé owó sílẹ̀. Àárọ̀ Mọ́ńdè tí mo ṣí fíríísà, omi ń ro sílẹ̀. Mo mú ìgò kékeré kan tí sẹ́ẹ̀lì ewúrẹ́ wà nínú ẹ̀, ìnkì tí mo fi kọ orúkọ ewúrẹ́ yẹn sí i lára ti fọ́n. Iṣẹ́ ọdún méjì. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ẹran wàyí. August 2013 ni Mark Post, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Netherlands, gbé bọ́gà ẹran láàbù àkọ́kọ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bí 250,000 owó yúrò ni wọ́n ná lé e lórí. Singapore ló kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tà á, December 2020, torí òkèèrè ni èyí tó lé ní ìdá 90 nínú 100 oúnjẹ wọn ti ń wá. Amẹ́ríkà gbà á ní 2023, Ítálì fòfin dè é lọ́dún yẹn kan náà. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé a ò mọ sẹ́ẹ̀lì tọ́jú. Láti 1924 ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí àrùn ẹran ọ̀sìn ti wà ní Vom lẹ́bàá Jos, tí wọ́n ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹran ọ̀sìn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gba ewúrẹ́ là ní Áfíríkà àti Éṣíà, Nigeria 75/1 lorúkọ kòkòrò inú ẹ̀, ibí ni wọ́n ti mú un ní 1975, inú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sì ti ń tọ́ ọ. Orúkọ wa wà lára ìgò!

Àkókò ti ń lọ, ẹ jẹ́ kí n sáré. Òfin: NAFDAC wà, àjọ biosafety tó ń ṣọ́ ohun tí wọ́n bá yí jíìnì ẹ̀ padà wà látọdún 2015, àwọn náà ló yẹ ẹ̀wà tí wọ́n yí jíìnì ẹ̀ padà ní Zaria kí kòkòrò má lè jẹ ẹ́ wò tó fi jáde ní 2019. Owó: mo fẹ́...

Ibí ni Alhaja kan tó ń ta wàrà ní Mararaba ti dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ bùrọ̀dá, ẹran tẹ́ ẹ ní wọ́n ń hù yẹn, kí ni wọ́n fi ń bọ́ ọ? Ẹni kan ní ẹ̀jẹ̀ ni."

Òótọ́ ni, mi ò sì tíì sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú màlúù tó lóyún ni láàbù fi ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì látọjọ́ tó ti pẹ́, odò ẹran ni wọ́n ti ń gbà á. Òun náà ni wọ́n lò fún bọ́gà 2013 yẹn. Àwọn iléeṣẹ́ ti ń yọ ọ́ kúrò, Singapore sì ti gba èyí tí ò ní in láyè ní 2023. Àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ibẹ̀ ní 2024 sọ pé kò burú bí sẹ́ẹ̀lì bá ti ara ẹran tó tọ́ jíjẹ wá, tí nǹkan àìmọ́ ò sì wọ̀ ọ́. Àwọn àlùfáà ibòmíì ní àfi kí wọ́n dú ẹran náà ní ìlànà Sharia kí wọ́n tó mú sẹ́ẹ̀lì. Alhaja ní, "Ṣé ẹ ti bi àwọn Alfa tiwa?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó ra táńkì." Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ owó tí mo fẹ́ sọ ò wáyé mọ́, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ la sọ tá a fi kírun.

Nígbà tá à ń jáde mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n wá fi tẹ̀mọ́mítà wo ìkòkò ẹ̀, kí n sì wọn ewé tó ń lò. Ó ní kí n wá ní Sátidé, kí n tètè dé, torí aago márùn-ún ìdájí ni mílíìkì ń dé.