Ẹ Má Fọ Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ Dànù: Kíkó Orin Inú Àwo Àtijọ́ Sínú Kọ̀ǹpútà Nílé

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jogún páálí àwo orin, mo kí yín káàbọ̀ sí Yábàá. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín ti ń bi mí láti ẹnu ọ̀nà ni pé sọ́fítíwíà wo ló dáa jù. N óò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó pọ̀ jù ti gbọ́dọ̀ parí kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà rárá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú àwo tó wà lọ́wọ́ yín. Èyí tó wúwo, tó máa ń fọ́ yángá bó bá bọ́ sílẹ̀, tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, shellac (irú oje líle kan) ni wọ́n fi ṣe é. Irú rẹ̀ ni Canon J. J. Ransome-Kuti kọrin sí ní London ní 1922, irú rẹ̀ náà ni Túndé King kọ jùjú sí ní 1936. Èyí tó fẹ́lẹ́, tó ṣeé tẹ̀ díẹ̀, vinyl (irú ike kan) nìyẹn: LP, àwo ńlá tó ń yí ní 33⅓, dé ní 1948, kékeré tó ń yí ní 45 dé ní 1949. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni spírítì. Spírítì tí à ń rà ní kẹ́míìsì máa ń yọ́ shellac. Ẹni tó bá fi nu àwo 78 ti nu ohùn olórin kúrò níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà. Abẹ́rẹ́ wọn náà kì í ṣe ọ̀kan. Ẹnu abẹ́rẹ́ 78 tó ìlọ́po mẹ́rin ti LP. Bí ẹ bá fi ti LP gbọ́ 78, ìsàlẹ̀ ìlà tí wọ́n gé sára àwo ni yóò máa wọ́ lọ, níbi tí ìdọ̀tí kó jọ sí.

Fún fífọ̀, ẹ fi omi kànga àti omi borehole sílẹ̀. Ohun tó wà nínú wọn á gbẹ sínú ìlà àwo, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ. Distilled water ni kí ẹ rà. Àwọn tó ń ta bátìrì ọkọ̀ ní in, ṣùgbọ́n ẹ ka ara ike náà dáadáa kí ẹ tó sanwó, torí ásíìdì wà lórí àtẹ kan náà. Ẹ kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ díẹ̀ sí i, ẹ fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún yípo bí ìlà ṣe lọ, ẹ má jẹ́ kí omi kan bébà àárín rẹ̀. Ẹ fi omi tí kò ní ọṣẹ ṣàn án, ẹ gbé e nàró síbi tí oòrùn kò sí. Ẹnìkan bi mí nípa kẹrosíìnì. Rárá o.

Ọ̀rọ̀ iná wá ni tiwa l'Ékòó. Mọ́tò inú ọ̀pọ̀ radiogram (rédíò ńlá tó ní ẹ̀rọ àwo nínú) àtijọ́ ń tẹ̀ lé bí iná ṣe ń gbọ̀n, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń gbé e dé 52, àwo á yára ju bó ṣe yẹ lọ ní ìdá 4 nínú 100, ohùn gbogbo á sì gòkè. Ìyẹn ṣì ṣeé tún ṣe nínú kọ̀ǹpútà, torí gbogbo rẹ̀ ló jọ gòkè. Èyí tó burú ni kí fíríìjì gbéra lójijì, kí jẹnẹrétọ̀ rọlẹ̀, kí ohùn yẹ̀ láàárín orin. Gángan ń sọ̀rọ̀; bí ohùn òkè bá di ohùn àárín, oríkì ẹni tí wọ́n ń kì ti di nǹkan mìíràn. Ẹ pa fíríìjì, tàbí kí ẹ wá ẹ̀rọ àwo tí quartz (òkúta tó ń mú ìyípo dúró lójú kan) ń ṣàkóso mọ́tò rẹ̀. Inverter tó bá jẹ́ pure sine wave, èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere, dáa. Èyí tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa kùn sínú orin. Wáyà tíńrín tó jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ, tí àwọn kan ti gé dànù, òun náà ló ń lé kíkùn: ẹ so ó mọ́ amplifier.

Ẹ má ki okùn ẹ̀rọ àwo bọ kọ̀ǹpútà tààrà. Ohùn tó ń jáde lẹ́nu abẹ́rẹ́ kéré púpọ̀, wọ́n sì ti dín bass (ohùn ìsàlẹ̀) rẹ̀ kù, wọ́n sì ti gbé ohùn tín-ín-rín rẹ̀ sókè nígbà tí wọ́n ń gé àwo. Ìlànà RIAA (ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ àwo orin ní Amẹ́ríkà) ni wọ́n ń pè é láti 1954. Phono preamp, ẹ̀rọ kékeré tí à ń so sáàárín ẹ̀rọ àwo àti kọ̀ǹpútà, ló ń dá a padà sí bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá ń gbà á sínú kọ̀ǹpútà, ẹ yàn án sí 24-bit, 96 kHz, ìwọ̀n bí ohùn tí à ń gbà ṣe péye tó. Ìṣẹ́jú kan á gba nǹkan bíi 35 MB, ojú LP kan á sún mọ́ 700 MB.

Ó ku sọ́fítíwíà. Audacity kò gba owó, ó sì tó. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nìyí. Mo gbé àwo àpàlà Haruna Ishọla kan sí i, mo ní kó yọ gbogbo ariwo ta-ta-ta. Ariwo lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀: ó ti di bí ìgbà tí èèyàn ń gbọn ìrẹsì nínú ọ̀rá, ẹnu agogo náà sì ti kú. Ẹ̀rọ ń wá ohun tó bá dún lójijì tó sì kúrú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, báyẹn gan-an ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣe ń dún. Gòjé inú sákárà ń jìyà bákan náà lọ́wọ́ ohun tó ń yọ ariwo ṣíì-ṣíì. Èmi kì í jẹ́ kó kan gbogbo orin. Ibi tí àwo ti họ gan-an ni mo máa ń sàmì sí, ibẹ̀ nìkan ni mo sì ń tún ṣe. Ìyókù ariwo, ẹ jẹ́ kó wà. Èyí tí ẹ kọ́kọ́ gbà, tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn, ẹ tọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀ ní WAV (fáìlì tí kò gé nǹkan kan lára ohùn), ẹ má fi MP3, tó ń gé lára rẹ̀, rọ́pò rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí sọ́fítíwíà máa gé ojú àwo sí wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀. Ojú LP jùjú lè jẹ́ orin kan tó ń wọnú orin kejì títí dé òpin, kò sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ẹ̀rọ lè rí. Ẹ kàn fi àmì sí ibi tí orin ti yí. Ẹ ya fọ́tò páálí àti bébà àárín, ẹ kọ nọ́ńbà àwo náà, bíi WAPS tàbí DWAPS ti Decca, mọ́ orúkọ fáìlì.

Arákùnrin kan bèèrè bóyá òun lè gbé e sórí YouTube. Àwo ni ẹ rà, ẹ kò ra orin. Ẹ gbọ́ ọ nílé, ẹ fún bàbá yín gbọ́. Bó bá ju ìyẹn lọ, ẹ wá ọmọ olórin tàbí iléeṣẹ́ tó ni ín, kí ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn.