Bí Ìwé Ṣe Ń Pòórá Lórí Pẹpẹ: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Òṣìṣẹ́ Ilé Ìkàwé

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé láti Ìlọrin, Ọ̀ffà àti Òmù-Àrán, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ìwé ìtàn àwọn ọ̀dọ́ tí ọmọkùnrin ti ń fẹ́ràn ọmọkùnrin, tàbí tí ọmọbìnrin ti ń fẹ́ràn ọmọbìnrin. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lórí pẹpẹ.

Ní 1993, wọ́n fi ìwé Annie on My Mind tí Nancy Garden kọ ta àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́rẹ ní agbègbè Kansas City, Amẹ́ríkà. Àwọn tínú ń bí dáná sun ún. Ní Olathe, ìlú kan ní agbègbè náà, ọ̀gá àgbà àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní kí wọ́n kó o kúrò nílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí pe àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ lẹ́jọ́, kóòtù sì dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí náà láre ní 1995. Adájọ́ rí i pé èrò inú ìwé náà ni àwọn aláṣẹ kò fẹ́. Ọ̀kan lára ẹ̀rí tó tì í lẹ́yìn ni pé wọ́n ní ìlànà àkọsílẹ̀ fún ìwé tí ẹnikẹ́ni bá fi sùn, wọn kò sì tẹ̀ lé e.

Irú ìlànà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ kọ sílẹ̀ kí ẹ̀sùn tó dé. Ẹni tó bá fi ìwé sùn, ẹ fún un ní fọ́ọ̀mù: ìwé wo, ojú ewé wo, kí ló fẹ́ kí a ṣe, ṣé ó ka ìwé náà tán? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni kí ẹ má ṣe fò, torí fọ́tò ojú ewé kan lórí Wọ́sáàpù ti tó dá ìjà sílẹ̀. Ẹ yan ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́ta tàbí márùn-ún kí ìbò má baà dọ́gba. Kí wọ́n ka ìwé náà tán, kí ó sì wà lórí pẹpẹ títí wọn yóò fi fèsì ní kíkọ.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Òṣìṣẹ́ kan á ti ìwé mọ́ inú dúrọ́ọ̀, á kọ ọ́ sí rẹ́jísítà pé ó sọnù. Òmíràn kò tilẹ̀ ní rà á. Èyí dùn mí ju iná Kansas City lọ: iná ní ẹlẹ́rìí, èyí kò ní. Ṣíṣí ìwé nípò pàápàá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní Wichita Falls, Texas, ìgbìmọ̀ ìlú ṣe ìlànà pé bí 300 ẹni tó ní káàdì ilé ìkàwé bá buwọ́ lùwé, a ó kó ìwé ọmọdé tí wọ́n fi sùn lọ sí apá àwọn àgbà. Kóòtù fagi lé ìlànà náà ní 2000.

Nílé wa ńkọ́? Òfin 2013, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní 2014, fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lé ìgbéyàwó akọ sí akọ tàbí abo sí abo, ó sì fi ọdún 10 lé ẹgbẹ́ wọn àti àwọn tó ń ṣàtìlẹyìn fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò dárúkọ ìwé tàbí ilé ìkàwé. Ẹ má ṣe bá òfin sọ ohun tí kò sọ. Under the Udala Trees tí Chinelo Okparanta kọ ní 2015 jẹ́ ìwé ọmọ Nàìjíríà. Bí wọ́n bá fi í sùn, ẹ kọ́kọ́ wá agbẹjọ́rò kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ó ku káàdì inú àpò ẹ̀yìn ìwé. Bí orúkọ ọmọ tó yá a bá wà níbẹ̀, ẹni tó bá tún yá a á rí i, ìyà ńlá sì lè jẹ ọmọ náà nílé tàbí ní kíláàsì. Nọ́ńbà ni kí ẹ máa kọ síbẹ̀, kí orúkọ wà nínú rẹ́jísítà tí ẹ ń tì pa. Bí ìwé bá ti padà, ẹ pa orúkọ náà rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.