Bí mo ṣe ń fi hóró dóńgóyárò pa tanwíji (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sè é!)

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ ti ń bèèrè fídíò yìí tipẹ́, ó dé o. Tanwíji la fẹ́ pa lónìí, àwọn ọmọ ẹ̀fọn tó ń jó nínú omi yẹn, kí wọ́n tó hu ìyẹ́. Tí wọ́n bá ti fò, ó ti di ká máa pàtẹ́wọ́ lóru.

Àmọ́ o, omi tí ẹ bá lè dà nù, ẹ dà á nù. Agolo, táyà àlòkù, àwo abẹ́ òdòdó, ẹ dojú wọn dé. Oògùn tèmi yìí wà fún omi tí kò ṣeé dà nù, tí ẹnikẹ́ni kì í mu.

Ó yá. Hóró rèé. Mi ò pe ewé o. Ewé náà ń ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n inú hóró ni èròjà tí wọ́n ń pè ní azadirachtin pọ̀ sí jù, òun ló ń jà fún wa. Èso tó pọ́n ni kí ẹ ṣà, ẹ bó ara rẹ̀ kúrò, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ òjìji kó gbẹ. Òjìji ni mo wí, torí oòrùn ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Èyí tó bá hu èbu, ẹ jù ú nù.

Ẹ fọ́ èèpo líle yẹn, ẹ mú ti inú, ẹ gún un kó kúnná. Odó tí ẹ bá lò, ẹ má fi gún oúnjẹ mọ́. Àbúrò, sún kámẹ́rà mọ́ ibí. Sún mọ́ ọn dáadáa! Ẹ wo ìka mi: bí mo ṣe fún un báyìí, òróró ń dán láàárín ìka, ó sì ń rùn bí ààyù. Tí tiyín ò bá yọ òróró, tí kò rùn, hóró yẹn ti gbó jù, ẹ wá òmíràn.

Gíráàmù 50 sí lítà omi kan. Omi tútù. Ẹ bò ó, ó di àárọ̀ ọ̀la. Èmi ti rẹ tèmi láti àná, òun rèé. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ẹ fún aṣọ náà dáadáa. Ẹ kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i kí òróró lè pò mọ́ omi. Ó tán. Ọjọ́ tí ẹ bá sẹ́ ẹ náà ni kí ẹ lò ó, kì í pẹ́ bàjẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sè é ńkọ́? Ẹ gbé ìkòkò kaná, ẹ se ewé títí omi fi dúdú, ẹ wá bọ́ sábẹ́ fídíò mi, ẹ ní dóńgóyárò ò ṣiṣẹ́. Ta ló ní kí ẹ sè é? Ooru ń fọ́ azadirachtin. Àgbo ibà kọ́ là ń sè!

Ibi tí mo fẹ́ràn jù la dé yìí: àyẹ̀wò iye oògùn tó tó. Ike mẹ́ta. Ẹ bu lítà kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, látinú omi tí ẹ ti rí tanwíji náà gan-an, ẹ má lo omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti po kẹ́míkà sí. Tanwíji 25 sínú ike kan, àwọn tí kò kéré jù, tí kò sì tíì fẹ́ di kókó, ìyẹn ìpele tó kẹ́yìn kó tó di ẹ̀fọn. Ike àkọ́kọ́ gba mílílítà 10 nínú oògùn wa, ìkejì gba 50. Ìkẹta ò gba nǹkan kan. Òun ni mò ń pè ní ike ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀ẹ̀kan náà kọ́ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ ike ẹlẹ́rìí yìí, ẹ ò ní gbọ́ kó tán lẹ́nu mi. Tí tanwíji inú rẹ̀ náà bá kú, oògùn kọ́ ló pa wọ́n, omi yín ni. WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2005, sọ pé tí ó bá ju ìdá 20 nínú 100 lọ tó kú nínú èyí tí wọn ò fi oògùn sí, kí ẹ da gbogbo àyẹ̀wò náà nù kí ẹ tún un ṣe. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o, àbí ẹ fẹ́ máa sin ẹ̀fọn nínú yàrá ni?

Ọ̀la, ẹ máa bẹ̀ wọ́n wò, wọ́n á ṣì máa jó. Ẹ má bínú, ẹ má sì dà á nù. Dóńgóyárò kì í pa wọ́n lójú ẹsẹ̀, àtibọ́ awọ ló ń dí mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ wo èyí lórí síbí: orí ti yọ, ìdí ṣì há sínú awọ àtijọ́. Kò lè padà, kò lè jáde. Ẹ kà wọ́n lójoojúmọ́ títí ti inú ike ẹlẹ́rìí á fi di ẹ̀fọn, nígbà náà lẹ máa mọ èyí tó tó nínú 10 àti 50.

Kókó tó ká kò yẹn ńkọ́? Kì í jẹun, oògùn yìí ò fi bẹ́ẹ̀ ràn án, ọjọ́ méjì mẹ́ta ló sì fi ń di ẹ̀fọn. Ẹ fi asẹ́ kó o dànù. Mo sì ń tún oògùn dà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, torí ẹyin tuntun ò ní pẹ́ pa.

Ẹni tó bèèrè bóyá gbogbo tanwíji ló ń fa ibà: rárá. Èyí tó dorí kodò sínú omi, irú ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní Culex tàbí Aedes nìyẹn. Èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ sójú omi, Anopheles ni, òun ni ti ibà. Oògùn yìí ò yọ ìkankan sílẹ̀.

Adágún ẹja? Ẹ má dán an wò, ó lè pa ẹja, ẹja fúnra rẹ̀ sì ń jẹ tanwíji. Èèpo ọsàn? Òróró rẹ̀ ń pa wọ́n kíákíá, àmọ́ kì í pẹ́ fẹ́ lọ. Ewé tábà? Ẹ jọ̀ọ́, nicotine inú rẹ̀ ń gba awọ ara wọlé, májèlé ni fún èèyàn.

Bátìrì kámẹ́rà ti ń pariwo. Ẹ kọ iye tí ẹ bá kà sísàlẹ̀, ti ike ẹlẹ́rìí kọ́kọ́. Ẹni tó bá sè é, kó má kọ nǹkan kan.