Àwàdà Tó Ń Ka Owó

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́dún 1876, ọkọ̀ ojú omi kan gúnlẹ̀ sí Vigo, èbúté kan ní Sípéènì. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó sá kúrò lẹ́wọ̀n ní New York, orúkọ olórúkọ ló sì ń jẹ́ kiri. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ò mọ̀ ọ́n rí. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kò ju àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan láti inú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà. Wọ́n wo àwòrán, wọ́n wo ojú ọkùnrin náà, wọ́n bá gbá a mú.

William Tweed lorúkọ ọkùnrin náà. Thomas Nast ló ya àwòrán. Ìtàn àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ohun kan tó ń jẹ mí lọ́kàn. Àwàdà òṣèlú pọ̀ lóde báyìí bí ewé rúmọ̀. À ń wò ó, à ń rẹ́rìn-ín, a ó pa fóònù, a ò sì tíì mọ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé, a ò mọ iye tó jáde lápò ìjọba. Nast pa àwọn èèyàn ìgbà rẹ̀ lẹ́rìn-ín, àmọ́ ó tún jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Kí Tweed tó dèrò ẹ̀wọ̀n, òun ni olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat ní New York, wọ́n sì ń kọ́ ilé ẹjọ́ kan níbẹ̀. Lọ́dún 1858, 250,000 dọ́là ni wọ́n fọwọ́ sí fún un. Nígbà tó fi máa di 1871, owó tó ti wọ ibẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 11 dọ́là. Ẹ rántí pé mílíọ̀nù 7.2 dọ́là ni Amẹ́ríkà fi ra odindi Alaska lọ́wọ́ Rọ́ṣíà lọ́dún 1867. Ilé kan ṣoṣo, tí wọn ò tíì kọ́ tán, ti gbówó ju Alaska lọ! Káfíńtà kan gba ohun tó lé ní 360,000 dọ́là fún iṣẹ́ oṣù kan, nínú ilé tí pákó rẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹni tó rẹ́ ògiri gba 133,187 dọ́là.

Ọjọ́ mélòó ló fi rẹ́ ògiri? Ọjọ́ méjì.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ ná. Mi ò tíì fi àwàdà kankan kún un, síbẹ̀ ẹ̀rín ti ń gbọ̀n yín. Inú ìwé ìnáwó gan-an ni ẹ̀fẹ̀ ọ̀hún ti wà tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: kọngílá á kọ owó gọbọi sínú ìwé, ìjọba á san án, kọngílá á wá dá èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ padà fún Tweed àtàwọn èèyàn rẹ̀. Ìwé ìròyìn New York Times rí ìwé ìnáwó náà gbà, wọ́n sì gbé e jáde lóṣù Keje 1871, ẹyọ owó kan tẹ̀ lé òmíràn, ojú ìwé gbọọrọ.

Àmọ́ ta ló fẹ́ jókòó ka gbogbo ìyẹn tán? Ibẹ̀ ni Nast ti wọlé. Lóṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, ó ya Tweed àtàwọn kọngílá rẹ̀ tí wọ́n dúró yípo. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, ta ló jí owó ará ìlú? Kálukú wọn na ìka sí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: òun ni. Ẹ fi ojú yín tẹ̀ lé ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó yí po títí, ẹ ó tún padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí owó náà ṣe ń rìn gan-an nìyẹn! Ẹni tí ò mọ̀wé kà pàápàá á lóye rẹ̀. Àwòrán mìíràn tún wà tó jẹ́ pé àpò owó ló fi ṣe orí Tweed.

Ìtàn ìgbésí ayé Nast sọ pé ẹnì kan wá bá a pé 100,000 dọ́là ń dúró dè é bó bá lè fi ọ̀rọ̀ Tweed sílẹ̀, kó rìnrìn àjò lọ kọ́ṣẹ́ àwòrán ní Yúróòpù. Ó ń dúnàádúrà pẹ̀lú ẹni náà títí ó fi dé 500,000. Wọ́n gbà. Ló bá ní òun ò lọ.

Mi ò ní tìtorí ìyẹn bo àṣìṣe rẹ̀ mọ́lẹ̀ o. Nast yìí kan náà ló máa ń ya àwọn ará Ireland bí ìnàkí, tó sì ń fi àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ṣẹ̀sín. Èyí dùn mí nígbà tí mo mọ̀ ọ́n. Kò sí ìwé ìnáwó kankan lẹ́yìn àwòrán wọ̀nyẹn. Ẹ yọ ẹ̀rín kúrò níbẹ̀, ìkórìíra nìkan ló kù. Bẹ́ ẹ bá yọ ẹ̀rín kúrò nínú ti ilé ẹjọ́, 133,187 dọ́là ṣì wà níbẹ̀, ọjọ́ méjì ṣì wà níbẹ̀. Òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn àwàdà òṣèlú nìyẹn, tèmi àti tẹlòmíràn.

Òmíràn ni pé, ṣé o lè sọ̀rọ̀ sí àwọn tìrẹ? Ọmọ ẹgbẹ́ Republican ni Nast. Òun ló sọ erin di àmì wọn lọ́dún 1874. Nígbà tó di 1884, wọ́n fa James Blaine kalẹ̀ fún ipò ààrẹ, ẹni tí ẹ̀sùn owó rélùwéè wà lọ́rùn rẹ̀. Nast kọ̀ ọ́, ó sì gbè sẹ́yìn Cleveland ti ẹgbẹ́ Democrat, tó jẹ́ ẹgbẹ́ Tweed tẹ́lẹ̀! Àwọn kan rò pé ẹni tó ń dá ronú gbọ́dọ̀ máa bú gbogbo ẹgbẹ́ lọ́gbọọgba. Rárá o. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe tibi lọ́sẹ̀ yìí ni kó gba tiẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tí o dìbò fún. Kí n tó sọ̀rọ̀ lórí ètò ìjọba èyíkéyìí, mo máa ń wá ẹni tó máa sanwó, ẹni tó máa gbà á, àti ẹni tó máa fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, màá fi orúkọ ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ràn dípò, màá tún un kà. Bí ẹ̀rín bá kú mọ́ mi lẹ́nu níbẹ̀, mo ti mọ̀ pé mò ń ṣègbè nìyẹn.

Tweed kú sẹ́wọ̀n lọ́dún 1878. Ilé ẹjọ́ náà ṣì wà ní Manhattan dòní, orúkọ Tweed ni wọ́n sì ń fi pè é. Inú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti dá a lẹ́bi lọ́dún 1873, nínú yàrá tí wọn ò tíì kọ́ tán.